Títa géèmù Windows lórí Linux: ìbéèrè tí ẹ̀yin ará Èkìtì kì í yé bi wá

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá, látọ̀dọ̀ àwọn ọmọ EKSU l'Ádó, àwọn ti FUOYE l'Ọ́yẹ́, àtàwọn tó wà n'Íkẹ́rẹ́ àti Ìkọ̀lé. A ti kó gbogbo ẹ̀ síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wá tiyín níbí kí ẹ tó máa pe èèyàn láàjìn.

Kí ni Wine yìí gan-an?

Sọ́fítíwíà ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó jẹ́ kí nǹkan tí wọ́n ṣe fún Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux (ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows) láìsí Windows nínú láptọ́ọ̀pù yẹn rárá. Géèmù Windows, gbogbo ohun tó bá fẹ́ ṣe, Windows ló máa ń bẹ̀: bá mi ṣí fáìlì yìí, ya àwòrán yìí síbí, gbé ohùn yìí jáde. Wine á gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹ̀, á sọ ọ́ fún Linux lọ́nà tí Linux fi máa gbọ́, á sì gbé èsì padà. Ẹ ṣáà mọ ògbufọ̀ tó máa ń dúró ti oníwàásù ní kúrúséèdì, bí tibí ṣe ń sọ ọ́ ni tọ̀hún ń túmọ̀ ẹ̀, ìwàásù ò sì dúró. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í fa géèmù sẹ́yìn púpọ̀, torí kò lọ kọ́ odindi kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà yín.

Ọdún 1993 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Alexandre Julliard ló sì ti ń darí iṣẹ́ náà láti 1994. Wine 1.0 ò jáde títí di 2008, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Nítorí náà ẹni tó bá ní nǹkan àná àná ni, ẹ bá a wí.

Proton wá ńkọ́? Ṣé òun àti Wine ò kí ń ṣe ọ̀kan náà ni?

Wine náà ni, àmọ́ Valve tó ni Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló mú un tí wọ́n fi nǹkan kún un, wọ́n gbé e jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2018. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí wọ́n fi kún un ni DXVK, òun ló ń yí DirectX 9, 10 àti 11, èdè tí géèmù Windows fi ń ní kí wọ́n ya àwòrán, padà sí Vulkan, irú èdè bẹ́ẹ̀ tí Linux mọ̀, VKD3D-Proton sì ń ṣe ti DirectX 12. Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú Valve tó jáde ní 2022, Linux ló wà nínú ẹ̀, Proton ló sì fi ń gbé géèmù Windows, ẹ ò rí i pé Valve ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, owó wọn wà níbẹ̀.

Bí géèmù yín bá wà lórí Steam, Proton ni kẹ́ ẹ lò. Bó bá ti ibòmíràn wá, Wine.

Ṣé ọ̀fẹ́ ni? Ṣé kò lè kó mi sí wàhálà?

Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, kò sì sí kóòdù Windows kankan nínú Wine, wọ́n tún un kọ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Géèmù fúnra ẹ̀ nìkan lẹ máa rà. CrossOver wà tó jẹ́ olówó, CodeWeavers ló ń tà á, àwọn náà sì wà lára àwọn tó ń ṣe Wine, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè rà á, kò pọn dandan. Ẹni tó bá bá yín ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, owó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lẹ san yẹn. Ẹni tó bá wá ní òun ń ta "láísẹ́ǹsì Wine" fún yín, ẹ dìde níbẹ̀.

Windows 11 ò gba láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mi. Ṣé Linux á gbà á, ṣé géèmù á sì lọ lórí ẹ̀?

Linux á gbà á. Microsoft ti ṣíwọ́ lára Windows 10 láti 14 oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò) àti CPU tí kò tíì pẹ́, bẹ́ẹ̀ tòkunbọ̀ tó pọ̀ jù lọ́jà wa ò ní i. Linux ò béèrè TPM lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ti géèmù ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo nọ́ńbà CPU yín: i5-3320M, 3 tó wà níwájú yẹn ń sọ pé jẹnẹréṣọ̀n kẹta ni, i5-6300U, kẹfà nìyẹn. Láti kẹfà sókè, Vulkan wà nínú graphics Intel yín dáadáa, DXVK á ṣiṣẹ́. Kẹta àti kẹrin, Vulkan ibẹ̀ ò pé, ìṣòro tó pọ̀ jù tí wọ́n ń gbé wá bá wa, ibẹ̀ ló ti ń wá (ìdáhùn ẹ̀ wà nísàlẹ̀). RAM 4 GB á gbé Linux, àmọ́ fún géèmù ẹ ṣe é kó di 8 GB, kẹ́ ẹ sì fi SSD sí i. Géèmù tí káàdì yín (graphics yẹn) ò lè gbé lórí Windows, Linux ò ní bá yín gbé e.

Linux wo ni kí n fi sí i?

Linux Mint. Ẹni tó ti mọ nǹkan tó fẹ́ lò ò ní bi wá.

Bẹ́ ẹ bá ní káàdì NVIDIA, ẹ ṣí Driver Manager lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti parí, kẹ́ ẹ mú driver (ohun tó ń jẹ́ kí Linux bá káàdì sọ̀rọ̀) tó bá kọ "recommended" sí lára. AMD àti Intel, ó ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí Windows ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó kọ́kọ́ pa Fast Startup nínú Windows, kó sì kó iṣẹ́ project ẹ̀ pamọ́ síta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo Ubuntu, ẹ gba fáìlì .deb Steam lórí sáìtì Steam fúnra ẹ̀, ẹ fi ti Snap tí Ubuntu fúnra ẹ̀ ń gbé fún yín sílẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé géèmù kan á ṣiṣẹ́ kí n tó fi dátà ṣòfò?

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ bèèrè nìyí, àmọ́ ẹ̀yìn tí GTA V tó lé ní 90 GB bá ti jẹ dátà tán ni wọ́n máa ń rántí. Ẹ lọ sórí ProtonDB, ẹ kọ orúkọ géèmù síbẹ̀. Àwọn tó ti gbìyànjú ẹ̀ ló ń kọ èsì síbẹ̀: Platinum, ó ń lọ láìfọwọ́ kàn án; Gold, ẹ máa ṣe nǹkan díẹ̀ kó tó lọ; Silver àti Bronze, ó ń lọ pẹ̀lú wàhálà; Borked, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ẹ má wo àwọ̀ nìkan. Ẹ ka ohun tí ẹni tó ní irú káàdì yín kọ, kẹ́ ẹ sì wo ọjọ́ tó kọ ọ́. Ẹni tó fún un ní Platinum lè ní káàdì tí owó ẹ̀ tó ra láptọ́ọ̀pù yín lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá sì jẹ́ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tún wo sáìtì Are We Anti-Cheat Yet, torí ọ̀rọ̀ àńtí-ṣíìtì (ohun tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣe ojóoró nínú géèmù) yàtọ̀ sí ti pé géèmù ń ṣí.

Báwo ni mo ṣe ń tan Proton nínú Steam?

Ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí Compatibility, bẹ́ ẹ bá rí "Enable Steam Play for all other titles" ẹ tan án, kẹ́ ẹ tún Steam ṣí. Steam tuntun ti tan án fúnra ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yan Proton kan pàtó fún géèmù kan, ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ géèmù yẹn, Properties, Compatibility, ẹ mú èyí tó wù yín. Inú Properties yẹn náà ni Launch Options wà, ní General, á wúlò fún yín tó bá yá.

Géèmù tèmi ò sí lórí Steam, fáìlì setup ló wà nínú flash mi.

Ẹ fi Lutris tàbí Bottles sí i. Wine ni méjèèjì ń lò lábẹ́, àmọ́ wọ́n á fún géèmù kọ̀ọ̀kan ní fólídà tiẹ̀ kí ti ọ̀kan má lọ ba ti èkejì jẹ́. Ẹni tó bá ní géèmù lórí Epic tàbí GOG, Heroic ló máa bá a lára mu jù.

Ẹni tó fẹ́ràn tẹ́míná (ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Linux) lè ṣe é fúnra ẹ̀:

`WINEPREFIX=~/pes wine setup.exe`

Fólídà pes tó máa yọ nínú home yín yẹn ni "prefix". Drive_c wà nínú ẹ̀, Program Files wà nínú ẹ̀, Windows kékeré kan ni. Bó bá dàrú, ẹ pa fólídà yẹn rẹ́ kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀, Linux yín ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Má ṣe kọ `sudo` (tó ń fún ètò lágbára lórí gbogbo kọ̀ǹpútà) ṣíwájú wine láé, kò sí géèmù tó tó bẹ́ẹ̀.

PES ńkọ́?

A mọ̀ pé ẹ ó bèèrè. PES 2013 tí gbogbo hóstẹ́ẹ̀lì ṣì ń gbá yẹn ń lọ lórí Wine, DirectX 9 ló ń lò, kò le rárá. Ohun tó máa ń dá àwọn èèyàn dúró ni settings.exe: prefix kan náà tẹ́ ẹ fi géèmù sí lẹ ti gbọ́dọ̀ ṣí i, kẹ́ ẹ yan káàdì àti resolution, kẹ́ ẹ tẹ OK, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ géèmù á ní òun ò mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Bẹ́ ẹ bá ṣí i nínú prefix mìíràn, ibòmíràn ló kọ ọ́ sí yẹn.

Patch tó ń gbé àwọn ẹgbẹ́ tuntun wọlé, ẹ fi sí i lẹ́yìn tí géèmù lásán bá ti ṣí dáadáa. Ẹni tó fi géèmù àti patch sí i pa pọ̀ tó wá ní Wine ò ṣiṣẹ́, a ò ní mọ èwo ló ń bá jà.

EA FC, Fortnite, Valorant, Call of Duty?

Rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Kì í ṣe pé Wine ò lè yà wọ́n sójú. Àńtí-ṣíìtì wọn ló ń fẹ́ wọ inú kernel Windows lọ, níbi tó jìn jù, kó lè máa ṣọ́ gbogbo ohun tó ń lọ nínú kọ̀ǹpútà. Kernel Windows ò sí lórí Linux, kò rí ibi wọ̀, á bá ní kẹ́ ẹ máa lọ. Láti FIFA 23 ni EA ti fi tiwọn sí géèmù bọ́ọ̀lù wọn. Vanguard ti Riot wà nínú Valorant, ó sì wọ League of Legends ní 2024, ọjọ́ yẹn ni League kú lórí Linux.

Easy Anti-Cheat àti BattlEye yàtọ̀ díẹ̀. Láti 2021 ni àwọn méjèèjì ti lè ṣiṣẹ́ lórí Proton, àmọ́ ẹni tó ni géèmù ló máa tan án, ẹlòmíràn á tan án, ẹlòmíràn á ní òun ò tan. Fortnite ń lo Easy Anti-Cheat, Epic ló sì ni ẹ̀, síbẹ̀ wọn ò tan án. Èyí tó burú ni pé ẹni tó tan án lónìí lè pa á lọ́la: Apex Legends ń lọ dáadáa lórí Linux títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ní ìparí oṣù kẹwàá 2024. GTA V náà, ní 2024 tí wọ́n fi BattlEye sí i ni GTA Online ti dákẹ́ lórí Linux, ti ìtàn tẹ́ ẹ̀ ń ta nìkan ló kù.

Ẹ má wá ọ̀nà àbùjá. Wọ́n á fi yín sí bán, owó tẹ́ ẹ fi ra géèmù á wọgbó. Counter-Strike 2 àti Dota 2 wà tí wọ́n ṣe fún Linux gan-an, tí kò tiẹ̀ nílò Proton. Ẹni tí EA FC bá sì ti di ẹ̀jẹ̀ fún, kó fi Windows sílẹ̀ sórí disk, ìyẹn ni ìmọ̀ràn wa.

Géèmù ṣí, ojú ẹ̀ dúdú, ó tún pa dé. Tàbí ó ní Vulkan ò sí.

Ẹ kọ `vulkaninfo --summary` sí tẹ́míná (inú vulkan-tools ló wà). Bẹ́ ẹ bá rí "llvmpipe" nìkan níbẹ̀, CPU yín ló ń ya àwòrán yẹn, káàdì yín ò ṣe nǹkan kan, driver ló yẹ kẹ́ ẹ lọ wò.

Bó bá jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù jẹnẹréṣọ̀n kẹta tàbí kẹrin ni, DXVK 2.0 sókè ń béèrè Vulkan 1.3, káàdì yẹn ò sì ní i. Ẹ kọ èyí sí Launch Options:

`PROTON_USE_WINED3D=1 %command%`

Á jẹ́ kó fi OpenGL, ọ̀nà àtijọ́ tí kò nílò Vulkan, ya á. Yóò falẹ̀ ju DXVK lọ, àmọ́ fún GTA San Andreas àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ó tó. Nínú Lutris, ẹ kàn pa DXVK nínú ètò géèmù yẹn. Tí géèmù bá jẹ́ DirectX 12, kò sí ọ̀nà kankan lórí káàdì yẹn.

Ó ní DLL kan ò sí.

Ẹ má lọ dáńlóòdù DLL (fáìlì Windows tí géèmù ń yá lò) lórí sáìtì kan tẹ́ ẹ ò mọ̀. Winetricks ni kẹ́ ẹ lò: `WINEPREFIX=~/pes winetricks vcrun2019 d3dx9`. Orúkọ DLL á sọ èyí tẹ́ ẹ nílò: bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú msvcp tàbí vcruntime, vcrun ni, bó bá jẹ́ d3dx9_43 àtàwọn ẹbí ẹ̀, d3dx9 ni.

Páàdì mi ń ṣiṣẹ́ nínú géèmù kan, kò ṣiṣẹ́ nínú òmíràn.

Páàdì USB olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà káàkiri Ádó, DirectInput ni púpọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ géèmù tuntun ń retí páàdì Xbox. Nínú Steam, ẹ tan Steam Input nínú Properties géèmù, Controller, Steam á bá yín pè é ní Xbox. Páàdì mìíràn ní bọ́tìnì mode tẹ́ ẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó yí padà. Lórí Wine lásán, `wine control joy.cpl` á fi hàn yín bóyá Wine tiẹ̀ rí páàdì yẹn.

Géèmù mi wà lórí drive D: ti Windows, ṣé mo lè ta á láti ibẹ̀?

Ó lè ṣí lónìí kó kọ̀ lọ́la. NTFS ni drive yẹn, Proton sì ń kọ orúkọ fáìlì àti link tí NTFS ò fara mọ́. Ẹ kó o wá sórí ext4, ibi tí Linux ń gbé. A mọ̀ pé àyè ń dun yín.

Ọ̀rẹ́ mi ti ní géèmù yìí lórí Steam tiẹ̀. Ṣé mo gbọ́dọ̀ tún un dáńlóòdù?

Rárá o, ẹ dá dátà yín sí. Láti 2023 ni Steam ti lè kó géèmù láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì tí wọ́n bá jọ wà lórí ráútà kan. Ẹ lọ sí Settings, Downloads, Game File Transfer over Local Network, ẹ tan án ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ Install bí ẹni máa dáńlóòdù. Ọ̀rẹ́ yín lè wà lórí Windows, ìyẹn ò dí i lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà ṣì gbọ́dọ̀ ní géèmù yẹn o.

Bí kò bá sí ráútà, ẹ fi disk ìta kó fólídà géèmù láti steamapps/common tiẹ̀ sínú tiyín, ẹ tẹ Install, Steam á yẹ̀ ẹ́ wò, díẹ̀ tó bá kù nìkan ló máa fà.

Ibo ni save mi wà? Iná lọ ni mo fi ń bèèrè.

Ti Steam: `~/.steam/steam/steamapps/compatdata/`, nọ́ńbà géèmù, lẹ́yìn náà `pfx/drive_c/users/steamuser`. Nọ́ńbà yẹn lẹ máa rí nínú àdírẹ́sì ojúewé géèmù lórí Steam. Inú Documents tàbí AppData ló sábà máa ń wà. Wine lásán sábà máa ń so Documents mọ́ Documents Linux yín, nítorí náà ti PES 2013 á wà nínú KONAMI níbẹ̀.

Ẹ máa ṣe ẹ̀dà ẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí bátìrì láptọ́ọ̀pù yín ti kú tí ẹ sì ń gbá Master League lórí iná NEPA. Kẹ́ ẹ sì tó pa fólídà compatdata rẹ́ torí pé ẹnì kan ní kẹ́ ẹ pa á, ẹ wò ó bóyá géèmù yẹn ní Steam Cloud. Bí kò bá ní, save yín ń bá a lọ.

Ó ń ta gìrì ní gbogbo ìgbà tí nǹkan tuntun bá yọ.

Shader (ìlànà tí káàdì fi ń ya àwòrán) ló ń sè lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ ló máa ń pọ̀, bẹ́ ẹ bá ta á díẹ̀ á rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Steam parí "Processing Vulkan shaders" tó máa ń ṣe, ẹ má tẹ Skip. Bó bá wá ń falẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ fi MangoHud sí i kẹ́ ẹ wo èyí tó ń kún nínú RAM àti káàdì, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá láptọ́ọ̀pù ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, eruku ilẹ̀ pupa wa yìí ò mọ̀ Linux yàtọ̀ sí Windows.

Ṣé fáírọ́ọ̀sì Windows lè mú mi báyìí?

Ó lè mú yín. Wine ń fi gbogbo disk Linux yín hàn bíi drive Z:, ohun tó bá ń ti fáìlì pa lè ti tiyín pa, títí kan project. Géèmù kíráàkì tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀, ó kéré tán ẹ yọ Z: kúrò nínú winecfg, Drives. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ohun tí kò léwu, ó kàn dín in kù.

Mo ní Mac. Mo ní Android nìkan.

Mac: CrossOver ló rọrùn jù. Game Porting Toolkit tí Apple gbé jáde ní 2023 náà, Wine ló wà nínú ẹ̀. Android: Winlator, Wine àti Box64 ló pa pọ̀, fóònù tó ní Snapdragon ló máa ń gbé e dáadáa jù. Géèmù àtijọ́ ni kẹ́ ẹ fojú sí.

Mod tí mo fi sí géèmù ò ṣiṣẹ́, géèmù ń ṣí bí ẹni pé kò sí mod.

Mod tó máa ń fi dinput8.dll tàbí d3d9.dll sínú fólídà géèmù nìyẹn. Wine ní irú DLL yẹn tiẹ̀, tiẹ̀ ló ń lò. Ẹ sọ fún un nínú Launch Options pé ti inú fólídà ni kó lò:

`WINEDLLOVERRIDES="dinput8=n,b" %command%`

Ẹ pààrọ̀ orúkọ sí ti DLL tó bá mod yín wá. Lórí Wine lásán, winecfg, Libraries lẹ ti máa ṣe é.

Fídíò inú géèmù ń fi àwọ̀ oríṣiríṣi hàn dípò àwòrán.

GE-Proton. Ẹni tó ń jẹ́ GloriousEggroll ló ń ṣe é, ó ń fi ohun tí Valve ò lè fi sí i kún un, pàápàá ti fídíò. Ẹ fi ProtonUp-Qt gbé e wọlé, ẹ tún Steam ṣí, ẹ yàn án nínú Compatibility.

Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀, kò ṣì lọ.

Ẹ kọ `PROTON_LOG=1 %command%` sí Launch Options, ẹ ṣí géèmù kó bàjẹ́ bó ṣe máa ń bàjẹ́, fáìlì kan á yọ nínú home yín tó ń jẹ́ steam-, nọ́ńbà géèmù, .log. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "fixme" máa pọ̀ bí yanrìn níbẹ̀, ẹ má dá a lóhùn, géèmù tó ń lọ dáadáa náà ní i. "err" ni kẹ́ ẹ wá, pàápàá èyí tó kẹ́yìn kí géèmù tó kú.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí wa nìyí: fáìlì yẹn, orúkọ káàdì, Linux tẹ́ ẹ ń lò, àti Proton tẹ́ ẹ yàn. Fọ́tò ojú láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ fi fóònù yà nínú òkùnkùn, a ò ní wò ó.